Fánbẹ́ẹ̀tì Hilux dísẹ́ẹ̀lì mi ti ń tú létí, mo fẹ́ pààrọ̀ ẹ̀ fúnra mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

PíkọọpùPákí:
Ẹ káàárọ̀ o ẹ̀yin ènìyàn mi. Hilux ni mò ń wà, dísẹ́ẹ̀lì, 3.0 D-4D ti 2008, tọ́kunbọ̀ ni mo rà á, òun ni mo fi ń kó pákí láti ọ̀nà Ìlá wá sí Òṣogbo níbí. Ó ti ṣe díẹ̀ tó ti máa ń han wíííí láàárọ̀ tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sítáàtì ẹ̀, pàápàá tí òjò bá rọ̀ mọ́jú, tó bá ti gbóná á dákẹ́. Àná mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo rí i pé etí fánbẹ́ẹ̀tì ti ń tú, òwú ti ń yọ jáde lára ẹ̀. Mẹkáníìkì mi lọ sìnkú ní ìlú wọn, kò tíì dé, bẹ́ẹ̀ àwọn oníbàárà mi ń pè. Mo ní ratchet, mo ní sókẹ́ẹ̀tì, ojú mi sì là díẹ̀ nínú mọ́tò. Ṣé iṣẹ́ tí èèyàn lè ṣe nílé ni? Tí mo bá tú u, báwo ni mo ṣe máa mọ ọ̀nà tó gbà, torí ó gba abẹ́ èyí, ó tún lọ gba orí ìyẹn, orí mi fẹ́ẹ̀ yí.

ÌyáOnígaàrí:
Ẹ yáa tètè tún un ṣe o. Pákí tí wọ́n bá ti hú, tó bá lé ní ọjọ́ méjì mẹ́ta inú ẹ̀ á ti máa dúdú, a kì í rà á mọ́ nìyẹn o, kí ẹ má sọ pé a kò sọ.

OmoÒròkí:
Ẹ̀gbọ́n, kí ni ẹ ń da ara yín láàmú sí. Ẹ wá ọṣẹ tó gbẹ kí ẹ fi ra inú bẹ́ẹ̀tì yẹn nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ariwo á dákẹ́ wàrà. Bàbá mi ṣe é fún ọdún gbọọrọ.

Ọ̀gáDísẹ́ẹ̀lì:
OmoÒròkí, jọ̀ọ́ àbúrò mi, má fi ìka ènìyàn ṣòfò. Ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́, kí èèyàn wá na ọwọ́ sí bẹ́ẹ̀tì? Ọṣẹ yẹn á mú kó dákẹ́ fún ìwọ̀nba, lẹ́yìn náà á máa yọ̀ lórí púlì, á máa gbóná, á sì já. Bẹ́ẹ̀ náà ni oògùn bẹ́ẹ̀tì inú ìgò tí wọ́n ń tà lọ́jà pé kí èèyàn fín sí i, ariwo ló ń pa, kò pa ohun tó ń fa ariwo.

Ẹ̀gbọ́n PíkọọpùPákí, iṣẹ́ ilé ni, kò le. Ohun tó le níbẹ̀ ni ààyè, fáànù àti rédíétọ̀ sún mọ́ra jù, ọwọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ ráyè wọlé. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá. Ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, ẹ fi sápò, ẹ má fi sára mọ́tò kí ẹnìkan má lọ sọ pé òun fẹ́ gbọ́ rédíò. Ẹ tú orí bátìrì tó jẹ́ negative, torí wáyà ńlá tó wà lẹ́yìn ọ́tánétọ̀, èyí tó ń fi iná kún bátìrì, ní iná nígbà gbogbo, tí spánà bá kan òun àti ara ẹ́ńjìnnì pọ̀, ẹ óò rí mànàmáná lọ́sàn-án.

Kí ẹ tó tú ohunkóhun, ẹ ya fọ́tò. Láti òkè, láti ẹ̀gbẹ́, láti abẹ́ tí ẹ bá lè wọlé síbẹ̀. Ẹ tún mú bébà kí ẹ fọwọ́ ara yín yà á, púlì kọ̀ọ̀kan àti ibi tí bẹ́ẹ̀tì gbà kọjá, torí fọ́tò máa ń dà rú mọ́ èèyàn lójú nígbà tó bá yá. Àwòrán ẹ̀ máa ń wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, àmọ́ ti tọ́kunbọ̀, wọ́n á ti kun ún mọ́lẹ̀ tàbí kó ti ṣí dànù. Tí ọ̀rọ̀ bá wá pọ́n, ẹ rántí pé inú bẹ́ẹ̀tì tó ní ilà, púlì tó ní ilà ló máa ń bá lọ, ẹ̀yìn ẹ̀ tó dán, púlì tó dán ló máa ń fara kàn. Tí ẹ bá rí ilà tó dojú kọ ibi tó dán, ẹ tún un wò.

Ẹ wá táńsọ́nà, apá kan báyìí tó ní súpíríǹgì nínú, tó gbé púlì sórí, òun ló ń fa bẹ́ẹ̀tì le. Àwọn kan ní ihò onígun mẹ́rin tí orí ratchet ń wọ̀ tààrà, half inch tàbí three-eighths, àwọn kan orí nọ́ọ̀tì ni, spánà gígùn ni ẹ máa fi yí i. Ẹ tì í lòdì sí ibi tó ń fà sí, bẹ́ẹ̀tì á rọ̀, ẹ yọ ọ́ lórí púlì tó wà lókè tọ́wọ́ tó. Kí ẹ wá rọra dá táńsọ́nà padà, ẹ má jẹ́ kó já mọ́ yín lọ́wọ́ o, súpíríǹgì yẹn lágbára, ó lè fọ́ ìka.

Fáànù wá ni. Ọ̀pọ̀ píkọọpù dísẹ́ẹ̀lì, orí wọ́tà pọ́ǹpù ni wọ́n gbé fáànù lé, iwájú bẹ́ẹ̀tì ló sì wà, torí náà bẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ gba orí ewé fáànù jáde, ewé kan lẹ́yìn èkejì, ẹ máa fọwọ́ yí fáànù bí ẹ ti ń ṣe é. Ẹ ki páálí sáàárín fáànù àti rédíétọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí bí spánà bá yọ́ lù ú, omi á máa jò, iṣẹ́ kékeré á di ńlá.

Kí ẹ tó fi tuntun sí i, ẹ dúró. Ibi tí àwọn tó ń kánjú máa ń fò nìyí. Bẹ́ẹ̀tì tó tú létí, nǹkan kan ló ń gé e. Bẹ́ẹ̀tì kì í ṣàdédé tú létí. Ẹ fọwọ́ yí gbogbo púlì nígbà tí bẹ́ẹ̀tì ti kúrò, kí ẹ sì tún dì wọ́n mú kí ẹ mì wọ́n sọ́tùn-ún sósì. Èyí tó bá ń kùn, tó ń hun, tàbí tó ń mì lójú ẹsẹ̀ ẹ̀, ẹ ti rí ọ̀daràn.

TíṣàẸdẹ:
Ọ̀gá mi, ẹ ṣeun. Ìbéèrè tèmi ni pé mo máa ń wo fánbẹ́ẹ̀tì mi, kò là rárá, ara ẹ̀ dúdú minijọ, ṣé ó túmọ̀ sí pé ó ṣì dáa nìyẹn? Mazda ni mò ń wà, àmọ́ mo rò pé ọ̀kan náà ni gbogbo ẹ̀.

Ọ̀gáDísẹ́ẹ̀lì:
Tíṣà, ìwádìí lílà yẹn, ti bẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ni. Nígbà tó jẹ́ pé neoprene, irú rọ́bà kan, ni wọ́n fi ń ṣe é, tó bá gbó ó máa ń là wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, èèyàn á rí i lójú. Láti bí àwọn ọdún 1990 ni wọ́n ti ń fi rọ́bà EPDM ṣe é, ìyẹn kì í tètè là, ó kàn ń jẹ díẹ̀díẹ̀ ni, gẹ́gẹ́ bí táyà ṣe ń jẹ. Àfonífojì tó wà láàárín ilà á máa jìn, á máa fẹ̀, tó bá yá orí ilà púlì á ti máa kan ìsàlẹ̀ ẹ̀, á wá máa yọ̀. Ó lè dúdú minijọ lójú yín kó sì ti parí. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa tó bá ti rìn tó nǹkan bí 100,000 kìlómítà, tó bá sì jẹ́ tọ́kunbọ̀ tí ẹ kò mọ ìtàn ẹ̀, ẹ kà á sí pé àsìkò ẹ̀ ti tó.

RìwáyàÒkèBaálẹ̀:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta ẹ̀yin ará. Mo fẹ́ fi tèmi kún un nítorí iṣẹ́ mi ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbé mọ́tò wá bá mi pé iná bátìrì tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, pé kí n wá tú ọ́tánétọ̀, tí mo bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, fánbẹ́ẹ̀tì ló ń yọ̀, ọ́tánétọ̀ kò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan lọ́rùn. Tí ẹ bá ní mítà, ẹ wọn bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kó wà láàárín 13.5 sí 14.5 volt. Tó bá ń fi 12 hàn yín, kó tó di pé ẹ náwó sí ọ́tánétọ̀, ẹ wo bẹ́ẹ̀tì.

Ẹ̀gbọ́n pákí, ẹ má fi bẹ́ẹ̀tì yẹn lọ Ìlá mọ́ o. Tó bá já lọ́nà, ohun gbogbo tó ń yí ló máa dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́tà pọ́ǹpù á dúró, ẹ́ńjìnnì á gbóná láìpẹ́ láìjìnnà, ọ́tánétọ̀ á dúró, AC á dúró. Iná bátìrì ló máa kọ́kọ́ tàn, tí abẹ́rẹ́ ìgbóná á sì tẹ̀lé e. Tí ẹ bá rí méjèèjì pọ̀, ẹ páàkì, ẹ pa á, ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ rọ́ ọ dé Ìkìrun. Ẹ má sì ṣí ìdérí rédíétọ̀ lójú ìgbóná.

OmoÒròkí:
Rìwáyà, wọ́n ní tí fánbẹ́ẹ̀tì bá já, ẹ́ńjìnnì á kú pátápátá, á tẹ valve. Ẹnìkan ní Ìgbọ̀nà ló sọ bẹ́ẹ̀.

RìwáyàÒkèBaálẹ̀:
Ìyẹn timing belt. Ọ̀tọ̀ ni. Timing belt wà nínú ìdérí, ẹ kì í rí i, eyín ló ní, òun ló ń jẹ́ kí valve àti píísítìnnì mọ àsìkò ara wọn, tí ìyẹn bá já nínú D-4D, lóòótọ́ wọ́n á gbá ara wọn, owó ńlá nìyẹn. Hilux yìí náà ní i, iná T-BELT á tàn ní dáṣíbọ́ọ̀dù tí àsìkò ẹ̀ bá tó. Ti fánbẹ́ẹ̀tì, ìgbóná ló ń pa ẹ́ńjìnnì nípasẹ̀ ẹ̀, ìyẹn tí díráfà bá ń ṣe oríkunkun.

PíkọọpùPákí:
Ọlọ́run á bù kún yín. Mo ti tú u. Táńsọ́nà yẹn kò kọ́kọ́ gbà, mo fi páìpù sẹ́yìn ratchet kó tó tẹ̀. Mo ti yí gbogbo púlì bí ẹ ṣe wí. Ti ọ́tánétọ̀ dáa, ti AC dáa, wọ́tà pọ́ǹpù kò mì, kò sì jò. Àmọ́ púlì kékeré kan tó dán, tí kò fa nǹkankan, tó kàn wà níbẹ̀ láti darí bẹ́ẹ̀tì, tí mo bá yí i ó ń hun gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, tí mo bá sì mì í ó ń fì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìbéèrè mi: ṣé mi ò lè fi bẹ́ẹ̀tì tuntun sí i ná, kí n fi kó ẹrù kan yìí, kí n wá ṣe púlì tí mo bá dé?

ÌyáOnígaàrí:
Tèmi o, mo ní ẹ gbé e wá ná. Ẹrù kan ṣoṣo ni. Àwọn obìnrin tó ń bó pákí ti jókòó, wọ́n ti ń gbowó ìjókòó.

ArìnrìnàjòÌlá:
Mummy, ẹ má bínú, àmọ́ ọ̀nà yẹn kì í ṣe ibi tí èèyàn ń dúró sí lálẹ́ tí mọ́tò bá bàjẹ́. Mo gbà pẹ̀lú yín pé ọjà ò gbọdọ̀ bàjẹ́, ṣùgbọ́n ẹ háyà mọ́tò ẹlòmíràn fún ẹrù kan yẹn, kò sí ẹ̀gàn níbẹ̀.

Ọ̀gáDísẹ́ẹ̀lì:
Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Púlì yẹn ló gé ti àtijọ́. Púlì tó bá fì, bẹ́ẹ̀tì á máa rìn lọ sí etí kan, etí yẹn á máa ha, òwú á máa yọ, ohun tí ẹ rí gan-an nìyẹn. Tí ẹ bá fi tuntun sí i, òun náà á tú, tí bíárìn inú púlì yẹn, èyí tó ń jẹ́ kó yí geere, bá sì wá fọ́ lójú eré, púlì á fò, bẹ́ẹ̀tì á tẹ̀lé e.

Kò sì wọ́n. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta odidi púlì fún yín dandan, ọ̀pọ̀ ìgbà bíárìn inú ẹ̀ nìkan ló ń lọ. Ẹ fi screwdriver yọ ìdérí iwájú ẹ̀ tó bá ní, ẹ ka nọ́ńbà tó wà létí bíárìn. 6203 ló wọ́pọ̀ nínú irú púlì bẹ́ẹ̀, ihò inú ẹ̀ 17 milimítà, ìta ẹ̀ 40, nínípọn ẹ̀ 12, àmọ́ ẹ ka tiyín, ẹ má gba tèmi gbọ́. Ẹ béèrè èyí tí wọ́n kọ 2RS sí, ìyẹn ni pé ó ní rọ́bà lójú méjèèjì tí iyanrìn kò fi ní wọlé. Erùpẹ̀ pupa ọ̀nà oko yìí ló ń pa bíárìn wa. Kí wọ́n fi press tẹ̀ ẹ́ wọlé, kí wọ́n má fi òòlù gbá a, tí wọ́n bá gbá a láàárín, wọ́n ti pa á kó tó wọ mọ́tò. Tí púlì fúnra ẹ̀ bá jẹ́ rọ́bà líle tó ti jẹ tàbí tó ti là, ìgbà yẹn ni kí ẹ ra odidi.

TíṣàẸdẹ:
Ẹ jọ̀ọ́, bẹ́ẹ̀tì gan-an ńkọ́, báwo lèèyàn ṣe ń mọ èyí tó bá mọ́tò ẹ̀ mu? Wọ́n kàn máa ń gbé èyíkéyìí lé èèyàn lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á ní "èyí náà ni, ó wọ Hilux, ó wọ Camry, ó wọ gbogbo ẹ̀".

Ọ̀gáDísẹ́ẹ̀lì:
Ẹ wo ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀tì, ẹ óò rí nǹkan bíi 6PK2100. Àpẹẹrẹ lásán ni mo fi ìyẹn ṣe o, kì í ṣe ti Hilux. 6 yẹn ni iye ilà inú ẹ̀, PK ni irú ilà náà, 2100 ni gígùn ẹ̀ ní milimítà. Iye ilà gbọ́dọ̀ pé, gígùn gbọ́dọ̀ bá a mu. Tó bá gùn jù, táńsọ́nà kò ní lè fà á le tó, tó bá kúrú jù, ẹ kò ní lè gbé e wọlé, tí ẹ bá sì fi tipátipá gbé e wọlé, bíárìn wọ́tà pọ́ǹpù àti ti ọ́tánétọ̀ lẹ ń fìyà jẹ. Tí nọ́ńbà ti parẹ́, ẹ fi chassis number béèrè, kí ẹ sì gbé ti àtijọ́ dání lọ fi wé e.

Àdàmọ̀dì pọ̀ o, ì báà jẹ́ Gate n'Íbàdàn tàbí Ladípọ̀ l'Ékòó, kí ẹ tó wá sọ ti ọjà tiwa níbí. Ẹ tẹ bẹ́ẹ̀tì sẹ́yìn kí inú ẹ̀ yọ síta, kí ẹ wo ilà wọ̀nyẹn. Tí wọn ò bá dọ́gba, tí ibì kan ga ju ibì kan, tàbí tí ìkọ̀wé ẹ̀yìn ẹ̀ bá ń parẹ́ tí ẹ bá fi àtàǹpàkò ra á, ẹ dá a padà fún ẹni tó fẹ́ tà á.

PíkọọpùPákí:
Mo gbọ́rọ̀ yín. Mo háyà mọ́tò fún ẹrù kan, mummy ẹ má bínú, pákí yín ń bọ̀. Mo ti ra bíárìn, 6203 ló jẹ́ lóòótọ́, wọ́n tẹ̀ ẹ́ fún mi lọ́dọ̀ onípress kan lápá Ọ̀tà-Ẹ̀fùn, púlì ń yí báyìí bí ẹni pé wọ́n fi òróró sí i. Mo fi bẹ́ẹ̀tì tuntun sí i, mo fọwọ́ ra gbogbo púlì láti rí i pé ilà kankan kò fò síta. Mo sítáàtì ẹ̀, ó dákẹ́ róró. Ohun kan ṣoṣo tó kù: tí ẹ́ńjìnnì bá wà lójú kan tí mi ò tẹ àsílétọ̀, táńsọ́nà yẹn ń mì tìtì, ó ń lọ ó ń bọ̀. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó dúró.

RìwáyàÒkèBaálẹ̀:
Àyè mi dé. Ẹ̀gbọ́n, ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì máa ń ta kìì ju ti pẹtiróòlù lọ, tó bá wà lójú kan, crankshaft, ọ̀pá inú ẹ́ńjìnnì tó ń yí bẹ́ẹ̀tì, kì í yí geere, ó ń sáré ó ń dúró ni láàárín ara ẹ̀. Ọ́tánétọ̀ wúwo nínú, kò fẹ́ máa bá a sáré dúró. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé púlì tó ní clutch sórí ọ́tánétọ̀ àwọn dísẹ́ẹ̀lì kan, D-4D kan ní i, òmíràn kò ní. Púlì yẹn máa ń fa ọ́tánétọ̀ lápá kan, tó bá di apá kejì, á yọ̀ǹda ẹ̀. Tí clutch yẹn bá ti lẹ̀ pọ̀, gbogbo ìta kìì yẹn á bọ́ sórí bẹ́ẹ̀tì, táńsọ́nà á máa jó.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀: ẹ pa á, ẹ yọ bẹ́ẹ̀tì kúrò lórí ọ́tánétọ̀ nìkan, ẹ fi screwdriver di fáànù ọ́tánétọ̀ mú jẹ́jẹ́ nínú ihò ẹ̀, ẹ wá yí púlì. Ó gbọ́dọ̀ le lápá kan, kó yọ̀ lápá kejì. Tó bá le lápá méjèèjì, tí iwájú púlì sì ní ìdérí ike dúdú, clutch ti kú nìyẹn. Tó bá jẹ́ púlì lásán tí kò ní ìdérí kankan, a jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí i, ẹ yà kúrò níbẹ̀, kí ẹ lọ wo táńsọ́nà fúnra ẹ̀, súpíríǹgì ẹ̀ lè ti rẹ̀.

OmoÒròkí:
Ẹ wò ó, mo gbà fún yín. Ó ní ohun kan tí mo fẹ́ mọ̀: tí bẹ́ẹ̀tì tuntun bá ń han, kí lèèyàn ń ṣe, tí wọ́n ti ní ká má fi ọṣẹ sí i?

Ọ̀gáDísẹ́ẹ̀lì:
Omi lásán, àbúrò. Kì í ṣe láti fi pa ariwo o, láti fi dán an wò ni. Fi ìgò tó ń fín omi, dúró jìnnà, fín díẹ̀ sí inú bẹ́ẹ̀tì níbi tó ní ilà, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Tí ariwo bá lọ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ tó tún padà, púlì kan kò tọ́ lójú ìlà, ẹ gbé igi tó tọ́ tàbí rúlà irin sójú púlì méjì méjì kí ẹ wò ó. Tí ariwo bá pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀tì ń yọ̀ ni, ẹ wo táńsọ́nà tàbí gígùn bẹ́ẹ̀tì. Kí ẹ sì tún wo bóyá òróró tàbí dísẹ́ẹ̀lì ń jò sí i láti ibì kan, torí méjèèjì ló ń mú rọ́bà rọ̀, kò sí bẹ́ẹ̀tì tó máa pẹ́ lábẹ́ ibi tó ń jò.

PíkọọpùPákí:
Rìwáyà, ẹnu yín kò ní gbẹ. Ìdérí ike dúdú wà níwájú ẹ̀, ó sì le lápá méjèèjì. Ṣé mo lè máa lò ó báyìí?

RìwáyàÒkèBaálẹ̀:
Ẹ lè fi rìn nínú ìlú fún ìgbà díẹ̀, kì í ṣe Ìlá. Irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń tú púlì yẹn yàtọ̀, ó ní eyín nínú, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀mú mú un. Ẹ gbé e wá sí Òkè-Baálẹ̀ lọ́jọ́ tó bá yá, ẹ kọ̀wé sí mi nínú inbox kí ẹ tó wá.

Awakọ̀L200:
Mo ti ń kà á bọ̀ láti òkè. L200 àtijọ́ ni tèmi, 2.5 dísẹ́ẹ̀lì, tèmi kì í ṣe bẹ́ẹ̀tì gbọọrọ kan, tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n, méjì dúró lórí ọ́tánétọ̀. Kò sí táńsọ́nà níbẹ̀. Báwo ni mo ṣe ń fà á le?

RìwáyàÒkèBaálẹ̀:
Tiyín, ọ́tánétọ̀ lẹ óò fi fà á. Ẹ tú bóòtù ìsàlẹ̀ àti èyí tó wà lójú irin gbọọrọ lókè, ẹ fa ọ́tánétọ̀ sẹ́yìn títí bẹ́ẹ̀tì á fi le, tí ẹ bá fi àtàǹpàkò tẹ àárín ẹ̀ kó wọlé bíi sẹ̀ǹtímítà kan, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ wá dì í. Méjèèjì lẹ máa pààrọ̀ pọ̀, ẹ má pààrọ̀ ọ̀kan, torí tuntun nìkan ló máa gbé gbogbo ẹrù.

Nǹkan mìíràn, ẹ wo ẹ̀yìn ọ́tánétọ̀ yín. Ọ̀pọ̀ L200 àtijọ́, ibẹ̀ ni vacuum pump wà, òun ló ń ran bírèkì lọ́wọ́, torí ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì kì í fúnra ẹ̀ fa afẹ́fẹ́ tó tó bírèkì lò bíi ti pẹtiróòlù. Tí àwọn bẹ́ẹ̀tì yẹn bá já, bírèkì á le bí òkúta lẹ́yìn tí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, ẹ óò fi gbogbo ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kó tó dúró. Páìpù òróró kékeré tó wọ pump yẹn náà, ẹ wò ó bóyá ó ń jò, orí bẹ́ẹ̀tì gan-an ló máa ń kán sí.

Awakọ̀L200:
Ó ń jò lóòótọ́. Mo ń rí òróró níbẹ̀ tipẹ́, mo rò pé láti inú ẹ́ńjìnnì ni. Mò ń lọ ra páìpù.